Ìyá Ọmọ Ara Ògiri

“Adìyẹ tí mo yà yìí, àṣá mẹ́ta ló ti já wálẹ̀ láàárọ̀ yìí láti wá gbé ọmọ rẹ̀. Ẹ̀kẹta forí sọ ògiri, àgógó ẹnu rẹ̀ kán. Ó wà nílé mi. Òun ni mo fi ń ṣí agolo pẹ́ńtì.”

Orí àkàbà ni ẹni tó ń sọ̀rọ̀ yìí wà, níwájú ìsọ̀ oúnjẹ adìyẹ kan lọ́jà Ìpàtá. Ó ga bí òpó iná, ó sì tín-ín-rín bí okùn rẹ̀. Pẹ́ńtì pupa wà létí rẹ̀, àwọ̀ ewé wà nírùngbọ̀n, fìlà orí rẹ̀ sì ti jẹ àwọ̀ débi pé bí òjò bá pa á, Odò Asà yóò di òṣùmàrè. Àmínù lorúkọ rẹ̀. Kò sí ìsọ̀ tó rẹwà ní Ìpàtá tí kì í ṣe ọwọ́ rẹ̀ ló kùn ún, kò sì sí irọ́ tó tóbi níbẹ̀ tí kì í ṣe ẹnu rẹ̀ ló ti jáde.

Hajarat dúró nísàlẹ̀ àkàbà, fáìlì ọ́fíìsì lábẹ́ apá. Ọdún 1991 ni, ó sì ti tó ọdún méjì tí obìnrin yìí ti rẹ́rìn-ín kẹ́yìn. Òun kọ́ ló ń ka ọjọ́, àwọn ará ilé rẹ̀ ló ń bá a kà á. Àmọ́ bó ṣe gbọ́ ọ̀rọ̀ àṣá yìí, ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kó tó mọ̀. Ẹ̀rín náà ga tó bẹ́ẹ̀ tí alábàárù méjì fi sọ àpò gàrí kalẹ̀ láti wò ó.

“Ẹ máa rẹ́rìn-ín, Àǹtí,” Àmínù wí. “Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́, kó bi adìyẹ.”

“Adìyẹ kọ́. Àgógó ẹnu àṣá yẹn ni mo fẹ́ rí.”

“Kò ṣeé ṣe lónìí. Ìyá mi ń fi í gé ilá.”

“Ṣebí ẹ ní ẹ fi ń ṣí agolo pẹ́ńtì?”

“Láàárọ̀ nìyẹn. Lọ́sàn-án, ilá.”

Bí wọ́n ṣe pàdé nìyẹn.

Iṣẹ́ ló gbé Hajarat wá. Nọ́ọ̀sì ni, ó wà lára àwọn tó ń gún ọmọ ní abẹ́rẹ́ àjẹsára káàkiri abúlé. Ìwé tí ọ́fíìsì wọn ń lẹ̀ mọ́ ara dìsípẹ́ńsárì, ikán ń jẹ ẹ́, òjò ń fà á ya, àwọn ìyá tó yẹ kó kà á kò sì mọ̀wé. Wọ́n wá ní kí wọ́n ya ohun tí ìwé náà ń sọ sára ògiri gbàgàdà: ìyá kan tó pọn ọmọ, tó mú káàdì abẹ́rẹ́ lọ́wọ́, kí ẹni tó bá kọjá rí i. Dìsípẹ́ńsárì mẹ́ta ni wọn ó fi bẹ̀rẹ̀, Lánwá, Málété, àti abúlé kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Gáà Òdàn.

Àmínù tẹ̀lé e lọ sí ọ́fíìsì wọn ní Fate láti gba àlàyé. Abẹ́ igi dóńgóyárò ni wọ́n jókòó sí. Àlàyé yẹn kò yé e bọ̀rọ̀. Ìyá tó kọ́kọ́ fi pẹ́ńsù yà, ó pọn ọmọ bí ẹni tó gbé àpò sìmẹ́ńtì.

“Kò sẹ́ni tó ń pọn ọmọ báyìí,” Hajarat wí. “Ẹ wò ó.”

Ó ká bùláńkẹ́ẹ̀tì kan, ó tẹ̀ ba, ó gbé e sẹ́yìn. Ó fi ọwọ́ kan dì í mú, ó gbọ̀n ọ́n sókè lẹ́ẹ̀kan, ó fa ìró bò ó, ó so ọ̀já le e. Ó dìde dúró. Kò sẹ́ni tó ní kó tún ṣe nǹkan kan mọ́, àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ pa dà sẹ́yìn, ó ń gbá bùláńkẹ́ẹ̀tì náà nídìí jẹ́jẹ́, ara rẹ̀ sì ń mì lọ mì bọ̀.

Pẹ́ńsù dúró lọ́wọ́ Àmínù. Ó rí i pé obìnrin yìí ti lọ síbì kan tí òun kò mọ̀. Kò bi í. Kò purọ́ kankan ní gbogbo ọ̀sán yẹn, òun fúnra rẹ̀ sì rò pé ibà ló fẹ́ ṣe òun.

Láti ọjọ́ náà, ó ń wá àwáwí láti wá sí Fate. Lónìí, àwọ̀ ìró kò yé e. Lọ́la, ó fẹ́ mọ iye ìka tó wà lọ́wọ́ ìyá. Kì í wá lọ́wọ́ òfo, yóò mú másà gbígbóná wá nínú ìwé ìròyìn, tàbí wàrà tí epo rẹ̀ ṣì ń ta. Ó ń pe Hajarat ní Ọ̀gá mi. Hajarat, nígbà tó yá, ń pè é ní Òpùrọ́ mi, ó sì ń sọ “mi” yẹn jẹ́jẹ́ débi pé àwọn akọ̀wé tó wà lójú fèrèsé máa ń tẹ́tí.

“Òpùrọ́ mi, másà yìí ti tutù.”

“Ọ̀gá mi, òtútù kọ́. Ojú ló ń tì í níwájú yín.”

Àmínù lo ọ̀sẹ̀ méje ní àwọn abúlé náà. Nígbà tó parí, Hajarat ní láti lọ wo iṣẹ́ kó tó fọwọ́ sí ìwé. Máṣìn Suzuki Àmínù ni wọ́n gùn, láàárọ̀ ọjọ́ Àlàmísì kan nínú oṣù kẹfà.

Ọ̀nà yẹn dùn lọ́jọ́ náà. Òjò ti fọ igi ẹmì, ilẹ̀ pupa rọ̀, afẹ́fẹ́ sì ń gba inú ìbòrí Hajarat kọjá. Ibi tí ògiri bá ti ní àwòrán ni Àmínù ti ń dúró. Wọ́n wo mọ́ṣáláṣí kékeré kan tí obìnrin fi ìka ya ìlà roboto-roboto sí lára yí ká. Wọ́n wo pákó lọ́rì kan tó ti kú sẹ́bàá ọ̀nà, tí kìnnìún ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣì ń la ẹnu. Wọ́n wo ilé ẹnì kan tó ti Mẹ́kà dé, tí bàálù funfun kan ń fò lókè ilẹ̀kùn rẹ̀.

“Èmi ni mo ya ìyẹn,” Àmínù kígbe sẹ́yìn nínú atẹ́gùn. “Ìgbà tí mo parí rẹ̀, ó gbéra! Alàájì ló fò mọ́ ọn nírù. Okùn ló fi dè é báyìí.”

“N ò rí okùn kankan.”

“Okùn ojú òfuurufú ni. Kì í hàn.”

Hajarat gbé iwájú orí lé e lẹ́yìn, ó ń rẹ́rìn-ín. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún méjì, ọkàn rẹ̀ sọ fún un pé bóyá ó ṣeé ṣe kí inú òun tún dùn.

Ibẹ̀ ló wà tí wọ́n fi dé Lánwá.

Ìyá tó wà lára ògiri dìsípẹ́ńsárì náà ga tó ènìyàn méjì. Ojú Hajarat ló ní. Ilà kékeré tó wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ibi tí ìbòrí ti ń yọ̀ díẹ̀ lápá òsì, bó ṣe ń fi ètè ìsàlẹ̀ bo ti òkè nígbà tó bá ń ronú, gbogbo rẹ̀ pé. Ọmọbìnrin kan wà lẹ́yìn rẹ̀, ó yọ orí síta, ó ń rẹ́rìn-ín sí ẹni tó ń bọ̀.

Kó tó lè sọ̀rọ̀, àwọn obìnrin ti yí i ká.

“Ìyá ara ògiri nìyí! Ẹ kú àbọ̀ o! Ọmọ ńkọ́?”

Ó dáhùn pé ó wà. Kò mọ ìgbà tó sọ ọ́.

Ní Málété, ìyá arúgbó kan di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó wò ó, ó wo ògiri. “Ṣé ó ti ń dìde dúró? Ṣé kì í ṣe pé ẹ fi sílẹ̀ fún ọmọ ọ̀dọ̀? Ọmọ tó fani mọ́ra báyìí, ẹ má fi sílẹ̀ o.”

Àmínù ń yọ̀, ó rò pé ìyìn ni. Bí ẹnìkan bá ti bèèrè ọmọ, òun ló ń ki ọmọ náà, pé ó sanra débi tí ẹni mẹ́rin fi ń gbé e. Kò wo ojú Hajarat.

Ní Gáà Òdàn, obìnrin kan tó ń jẹ́ Lami, tó ń ta wàrà, gbé igbá wàrà kékeré kan fún un. “Ti ọmọ ni. N ò gba kọ́bọ̀.”

Hajarat gba igbá náà. Igbá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, omi wàrà ta sí i lẹ́sẹ̀. Ó yí pa dà, ó lọ sẹ́yìn ilé, ó jókòó sórí ilẹ̀ lásán.

Àmínù bá a níbẹ̀.

“Ta ni wọ́n ní kí o yà?” Ohùn rẹ̀ kò ga.

“Ìyá ni wọ́n ní n yà. N ò mọ ojú ìyá mìíràn.”

“Ọmọ yẹn ńkọ́? Ibo lo ti rí i?”

“Mo kàn ro irú ọmọ tí ojú yín lè bí.”

“Mo ti bí i.”

Àmínù lóṣòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

“Màríámù lorúkọ rẹ̀,” Hajarat wí. “Oṣù mọ́kànlá. Kò tíì rìn. Oṣù kẹsàn-án ni wọ́n ń gba abẹ́rẹ́ èéyi, ìwọ náà ti gbọ́ ọ lẹ́nu mi títí. Ọjọ́ tó yẹ kó gbà á, mo wà ní abúlé, mò ń gún ọmọ ọlọ́mọ. Mo ní bí mo bá dé, n ó gún un. Mo dé, wọ́n tún rán mi sí ibòmíràn. Ọjọ́ kan ni mo ń fi sún un. Èéyi kò sún tirẹ̀.”

Ó ń fi ìka tú koríko.

“Bàbá rẹ̀ kò bú mi. Ó kó ẹrù mi sẹ́nu ọ̀nà ni. Gbogbo àwọn tó wá kí wa, òun ni wọ́n kí. Ẹnikẹ́ni kò kí èmi, Àmínù. Wọ́n ń wò mí bí ẹni pé èmi ni mo mú èéyi wá sílé. Ní báyìí, ìwọ wá gbé e sí mi lẹ́yìn ní abúlé mẹ́ta, wọ́n sì ń bi mí pé ó ńkọ́.”

Omi ń bọ́ lójú Àmínù, ó ń fa pẹ́ńtì irùngbọ̀n rẹ̀ wálẹ̀.

“Pa á rẹ́,” Hajarat wí. “Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.”

“Ó ti parẹ́, Ọ̀gá mi. Kó tó di Jímọ̀ tó ń bọ̀.”

Wọ́n wálé. Wọ́n tún kọjá níwájú ilé bàálù. Àmínù kò dúró níbẹ̀.

Ní Jímọ̀ náà, lẹ́yìn ìrun, Àmínù wọ aṣọ tí pẹ́ńtì kò sí lára rẹ̀, ó lọ sílé bàbá Hajarat ní Gàmbàrí. Bàbá náà, Ààfáà Yísà, jókòó láàárín wàláà àwọn ọmọ kéú. Hajarat wà lẹ́yìn kọ́tìnì.

“Mo ti pa àwòrán náà rẹ́, Bàbá,” Àmínù wí. “Funfun tí mo fi bò ó, oòrùn fúnra rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ wá bẹ̀ mí pé kí n dín in kù.” Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ó kúnlẹ̀. “Bàbá, ẹ fún mi ní Hajarat. N ó tọ́jú rẹ̀.”

Ààfáà wò ó. Kì í ṣe ojú ìbínú.

“Ọmọ mi, gbogbo èèyàn ló ń sọ pé ọwọ́ rẹ dára. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn. Wọ́n kọ́ wa pé ẹni tó bá ya ohun ẹlẹ́mìí, lọ́jọ́ Àlùkìyámà, wọn ó ní kó fún un ní ẹ̀mí. Kò sì ní lè ṣe é. Ìwọ, o ya ọmọ-ọmọ mi tó ti kú. Bí wọ́n bá bi ọ́, kí lo máa wí?”

Àwọn ọmọ kéú gbé ojú kúrò lára wàláà. Àwọn ewúrẹ́ gan-an gbé ẹnu kúrò lára èpo iṣu. Àmínù dọ̀bálẹ̀, ó dìde, ó lọ.

Hajarat gbọ́ bí bàtà rẹ̀ ṣe ń lọ títí kan ojú títì. Ó lè pè é. Kọ́tìnì lásán ló wà láàárín. Kò pè é.

Oṣù márùn-ún kọjá. Bí ó bá gba Ìpàtá kọjá, yóò rí àkàbà Àmínù tó fara ti ìsọ̀ kan, àgbò kan tó ti ya orí rẹ̀ tí kò ya ìdí, àmọ́ òun fúnra rẹ̀ kò sí. “Kì í gbélé mọ́,” àwọn oníṣu wí. “Ó máa ń ru pẹ́ńtì lọ síbì kan tí kò jẹ́ ká mọ̀.” Hajarat yóò bá ọ̀nà rẹ̀ lọ. Nílé, ó ń jẹun bí ẹni tó ń lo oògùn. Bàbá rẹ̀ ń wò ó láti orí wàláà.

Nígbà tí ọkà bàbà ga ju ènìyàn lọ, àkókò abẹ́rẹ́ tún dé. Dàpọ̀, awakọ̀ ọ́fíìsì, ló gbé e pẹ̀lú àpótí yìnyín. Ní gbogbo ọ̀nà ni Hajarat ń múra ọkàn rẹ̀ sílẹ̀ fún ògiri funfun. Ó ti rò ó tẹ́lẹ̀ pé ìsinmi ni yóò jẹ́ fún òun, àmọ́ bí Lánwá ṣe ń sún mọ́, ó ṣe é bí ẹni tó ń lọ sí ibojì.

Ògiri kò funfun.

Obìnrin tó ní ojú rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Àmọ́ kò pọn ọmọ mọ́. Ọmọ náà ti sọ̀ kalẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ ìyá, ó na ọwọ́ sí adìyẹ kan. Pẹ́ńtì rẹ̀ tuntun ju ti ìyá lọ.

“Ọkọ yín wá ní oṣù tó kọjá,” obìnrin kan wí. “Ó ní ọmọ ti hu eyín mẹ́fà, ó sì ti gé ewúrẹ́ kan jẹ, ewúrẹ́ náà kò tíì bọ̀ sípò.”

“Ọkọ mi?”

“Átíìsì tó ga yẹn ńkọ́!”

Ní Málété, ọmọ náà ti dìde. Ó di ìró ìyá mú, orókún rẹ̀ tẹ̀ díẹ̀, bí orókún ọmọ tó ń kọ́ ìdúró ṣe ń tẹ̀. Wọ́n ní ọkọ rẹ̀ sọ pé ọmọ ti ń ka òǹkà, láti orí ọgọ́rùn-ún wá sẹ́yìn. Hajarat kò gbọ́ ìyókù. Orókún yẹn ló ń wò. Ó fi àtàńpàkò kàn án lára ògiri gbígbóná. Kò rí Màríámù lórí ìdúró rí láyé. Ẹkún tó sun níbẹ̀, ẹ má ní kí n wọ̀n ọ́n. Dàpọ̀ pa ẹ́ńjìnnì ọkọ̀, ó ṣí fìlà lórí.

Kí wọ́n tó wọ Gáà Òdàn, ó ní kí ọkọ̀ dúró lókèèrè. Ẹsẹ̀ ló fi rìn.

Àmínù wà lórí àkàbà, ó kẹ́yìn sí i. Ó ti rù sí i, bí ẹni pé ó ti fi ẹran ara rẹ̀ po pẹ́ńtì. Ẹsẹ̀ ọmọ náà ló ń yà, ọ̀kan nílẹ̀, ọ̀kan lókè. Màríámù ń rìn. Ó ti fi ìyá sílẹ̀ sẹ́yìn, ó ń bọ̀. Àmínù gbé ẹnu sún mọ́ etí ọmọ ara ògiri náà, ó ń sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́.

“Bàbá ìyá rẹ bi mí ní ohun kan, n ò rí èsì fún wọn. Ìwọ ṣáà máa dàgbà. Ibi tí agbára mi mọ nìyí.”

Lami àti àwọn obìnrin mẹ́ta dé láti ìdí kànga, ohùn rẹ̀ sì yí pa dà lójú kan náà.

“Ẹ ò rí i bí Màríámù ṣe ń rìn? Lánàá ó rìn láti Gàmbàrí dé Ìpàtá, ó ra iṣu, ó rù ú wálé!”

“Ìyá rẹ̀ ńkọ́?” Lami bi í. “Kí ló dé tí kì í bá ọ wá mọ́?”

“Ìyá rẹ̀? Ìfẹ́ mi ni kò jẹ́ kó lè dìde! Láàárọ̀ yìí, ó rọ̀ mọ́ àkàbà, ó ní n má lọ. Igi àkàbà méjì ló kán mọ́ ọn lọ́wọ́.”

“Àkàbà wo?” Hajarat wí.

Àmínù yíjú. Agolo pẹ́ńtì kọ́kọ́ bọ́, òun tẹ̀lé e. Ó jókòó sínú pẹ́ńtì pupa, ó ń wo Hajarat bí ẹni tó rí ọjọ́ ìdájọ́ tó wọ bàtà nọ́ọ̀sì.

“Ọ̀gá mi, mo pa á rẹ́. Ó tún hù jáde ni.”

“Òpùrọ́.”

Àmínù dìde, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sì ki eré mọ́lẹ̀. Ó já wọ inú oko ọkà bàbà, ewé ọkà ń gbọ̀n lókè orí rẹ̀ bó ṣe ń lọ.

Àwọn obìnrin dúró. Lami wo oko, ó wo Hajarat.

“Ìyá Màríámù, kí ló dé? Ọmọ ńkọ́?”

Hajarat tú ìbòrí rẹ̀, ó tún un so.

“Ọmọ ti kú. Ó ti di ọdún kẹta. Èéyi ni. Èmi ni ìyá rẹ̀.”

Lami sọ igbá wàrà rẹ̀ kalẹ̀. Ó di Hajarat lápá, ó mú un jókòó lábẹ́ ògiri, òun náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àwọn ìyókù sì jókòó tẹ̀lé e. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń kí i. “Ẹ kú àdánù, Ìyá Màríámù. Ọlọ́run á tù yín nínú. Ẹ kú àdánù.” Ó ń gba ìkíni náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń dáhùn lọ́kọ̀ọ̀kan, omi ojú sì ń dà wálẹ̀ láìdúró.

Lami fi etí ìró nu ojú fún un.

“Ọkọ yẹn ńkọ́? Ṣé irọ́ ni ìyẹn náà?”

Hajarat wo inú oko. Orí ọkà ṣì ń mì lọ́nà jíjìn.

“Ìyẹn kì í ṣe irọ́,” ó wí. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pè é.”

Àwọn obìnrin mẹ́rin dìde, wọ́n gbé ọwọ́ sẹ́nu, wọ́n kígbe orúkọ rẹ̀ débi pé wọ́n gbọ́ ọ ní Jẹ́bà. Àmínù gbọ́. Ó rò pé gbogbo abúlé ló ń lé òun bọ̀ nítorí irọ́, ó bá ká ṣòkòtò sókè, ó tún ki eré mọ́lẹ̀.